Èmi Ni Mo Fi Ojú Àbẹ̀kẹ́ Pamọ́ Fáyé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ẹ kà á tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé e sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìrìn àjò ọ̀hún sì ń bà mí lẹ́rù.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Aránṣọ ni mí ní Abidjan, atelier mi, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, wà ládùúgbò Anoumabo. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ patronne kan náà, ìyẹn ọ̀gá wa obìnrin, la ti kọ́ṣẹ́. Mo ṣáájú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi" ló máa ń pè mí. Nígbà tí a gba òmìnira, abẹ́ òrùlé kan náà la kó máṣíìnì wa sí.

Epo gbígbóná ló dà sí Àbẹ̀kẹ́ lójú nígbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún hun jọ títí dé àgbọ̀n. Nígbà kòrónà tí gbogbo ayé ń lo ìbòmú, inú òun dùn. Nígbà tí gbogbo ayé bọ́ tiwọn, òun ò bọ́ tirẹ̀.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ ọmọdé. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń rí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Á da Yorùbá pọ̀ mọ́ Faransé, á ju ọ̀rọ̀ nouchi kan, èdè ìgboro Abidjan, sí i, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi gbàgbé aṣọ. Àwọn èèyàn ń tẹ̀lé e, wọ́n ń pọ̀ sí i. Èmi náà ní péèjì tèmi. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di síṣọ́ọ̀sì mú. Mọ̀lẹ́bí mi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wo tèmi.

Àwọn tó ń wò ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ojú rẹ̀ hàn. Ó bi mí léèrè. Mo ní kó fi hàn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ parọ́ mọ́. Mo rò pé wọ́n á sá ni.

Wọn ò sá. Ó ṣí ìbòmú, ó ní, "Ojú mi rèé o. Epo ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká gé aṣọ." Fídíò yẹn lọ káàkiri. Wọ́n kọ̀wé sí i láti Cotonou, láti Paris, pé ẹ̀rín rẹ̀ dára. Láti ọjọ́ yẹn, kò bo ojú mọ́. Ó ń lọ ra búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

Ní Sátidé kan, oníbàárà mi kan wá láti àdúgbò Riviera. Orílẹ̀-èdè Benin ni ìdílé obìnrin náà ti wá, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ fún un. Ó kọjá lára mi, ó lọ dúró níwájú Àbẹ̀kẹ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Tantie, ẹ má bínú o, tàwọn ọmọ mi, òun ni mo fẹ́ kó rán an." Mo rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ gbé àga fún un.

Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ti sọ fún mi rí pé bí ẹjọ́ bá pọ̀ lórí èèyàn, àwọn tó ni ìkànnì lè fi í pamọ́ láìsọ fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ṣí péèjì lórúkọ èké, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé oníjìbìtì ni. Mo ní fídíò olófídíò ló ń jí. Mo ní ojú rẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ìka mi ló tẹ ìyẹn. Èmi tí a jọ ń jẹ attiéké nínú abọ́ kan náà lọ́sàn-án.

Wọn ò ti péèjì rẹ̀ pa. Ì bá sàn kí wọ́n tì í, á mọ̀ pé wọ́n tì í ni. Lórí fóònù tirẹ̀, fídíò rẹ̀ wà digbí. Lórí fóònù ẹlòmíì, kò yọjú mọ́. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ títí, ẹ ò ní rí i.

Ó dààmú. Àwọn kan ní réseau, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni kò dáa. Àwọn kan sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un. Ló bá wá bá mi, torí pé èmi ló gbà pé mo mọ fóònù lò jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó lórí tiyín. Wọ́n ní wọ́n lè fi èèyàn pamọ́ kó má mọ̀. Ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo yí ojú fóònù sọ́dọ̀ ara mi. Mo ní, "Mò ń rí ẹ. Gbogbo ẹ̀ wà níbí."

Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n ń rí mi. Wọn ò kàn fẹ́ wò mí mọ́ ni."

Mo lè sọ pé rárá nígbà yẹn. Ohun tí mo wá sọ ni pé, "Bóyá kó o padà sí ọwọ́ nìkan."

Lọ́jọ́ kejì, ìbòmú ti padà sójú rẹ̀. Ó pa àwọn fídíò tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ rẹ́. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló kù, nítorí pé Grâce, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sunkún. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé Grâce ń ṣe ayẹyẹ òpin ọdún, ó ní kí n lọ dípò òun. Mo jókòó sórí àga ìyá ọmọ. Grâce ka ewì rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó parí, ó wá bá mi. Ó ní, "Tantie, maman ní orí ń fọ́ àwọn. Ṣé nítorí ojú wọn ni?" Mo ní rárá. Mo ti parọ́ fún ìyá, mo tún wá ń parọ́ fún ọmọ.

Ó wá rí ọkùnrin kan ní Èkó tó ní òun ń bó àpá kúrò lára. Kì í ṣe dókítà. Ìpara tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àbẹ̀kẹ́ wú, omi ń jáde níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó wá fúnra rẹ̀, pé èyí tó le jù ú lọ wà lọ́wọ́ òun. Àbẹ̀kẹ́ ti ta máṣíìnì rẹ̀ nítorí ìrìn àjò yìí.

Lóṣù tó kọjá, mo tẹ orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Péèjì náà jáde! Wọ́n ti tú u sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fídíò ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù yẹn tún ti ń rìn. Wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níbo lẹ wà?" "Ọmọ mi ń bèèrè ohùn yín." Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Èmi náà jóná lójú. Nítorí yín ni mo ṣe ń jáde." Àbẹ̀kẹ́ ti yọ ìkànnì náà kúrò lórí fóònù rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń kà wọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé fóònù lọ sílé rẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, wá wo nǹkan kan. Wọ́n ń wá ẹ." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí. Ṣebí wọ́n tàn mí nígbà yẹn pé wọ́n fi mí pamọ́ ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi."

Mo dá fóònù padà sínú àpò. Mo sọkún délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n dá lọ bá a ni, àbí kí n mú patronne wa dání? Mo mọ̀ pé kò ní pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ìyẹn tọ́ sí mi. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé á rò pé mò ń tàn án kó má bàa lọ ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ̀ ọ́n, tí ẹ bá rí i ṣáájú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí i létí. Àbẹ̀kẹ́, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Mi ò rí ẹ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo mú kí wọ́n fi ẹ́ pamọ́. Àwọn èèyàn ò kọ ojú rẹ. Má lọ.