Òwú Pupa Lọ́rùn Ìgò

[Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, òwúrọ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì.]

TÍṢÀ: Hẹ́lò? Ìyá Ìbejì, káàárọ̀ o.

TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìbejì. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa níbi iṣẹ́ yín lọ́hùn-ún? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò sùn.

TÍṢÀ: Àwọn ọmọ ńkọ́? Màámi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti—

TÉLỌ̀: Àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Ìyá yín ti wà nínú àgbá yín látàárọ̀.

TÍṢÀ: Mọ́tò ni. Kì í ṣe àgbá.

TÉLỌ̀: Àgbá ni mo pè é! Kí ó wá mú mi!

TÍṢÀ: Rọra, jọ̀ọ́. Staff room ni mo wà. Ìwé ìdánwò kún iwájú mi, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ti ń wò mí lẹ́nu.

TÉLỌ̀: Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Kí wọ́n tún sún mọ́ yín kí wọ́n gbọ́ dáadáa! Aago mẹ́wàá géérégé ni dókítà ojú ní kí Màámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni wọ́n fẹ́ là. Tí wọ́n bá fi pẹ́, dókítà ń lọ nìyẹn, ó di oṣù mẹ́ta. Ká tó rí oṣù mẹ́ta, ojú yẹn á ti kú pátápátá, ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ ọ. Mọ́tò yín wá kúnlẹ̀ láàárín ọgbà bí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì!

TÍṢÀ: Mo ti ṣàlàyé fún ẹ nígbà tí o pè lálẹ́ àná. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ti sùn mọ́jú, á wálẹ̀. Tí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn á kọ́kọ́ gòkè, iwájú á tẹ̀lé e, wọ́ọ́rọ́wọ́. Mọ́tò ọ̀gá ni. Kò sí—

TÉLỌ̀: Ọ̀gá wo? Ọ̀gá tó kọ́kọ́ ni ín ti kú. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ sá fún un. Ẹ̀yin lẹ wá gbé e wálé. Gbogbo àdúgbò ti tìtorí mọ́tò Faransé yìí sọ yín ní Faransé, ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ Faransé kankan!

TÍṢÀ: Mo gbọ́ bonjour.

TÉLỌ̀: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, inú ń bí mi! Steering tó ní apá kan ṣoṣo. Bíréèkì tó rí bí orí olú, téèyàn bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ báyìí, á fimú gbá gíláàsì. Mẹkáníìkì ẹyọ kan ló mọ̀ ọ́n tún ṣe ní gbogbo ìlú yìí, òun náà ti lọ sóko. Imagine!

TÍṢÀ: Ta ló ń wà á?

TÉLỌ̀: Káfíńtà tó wà lódìkejì wa ni. Ó fi pákó oníbàárà sílẹ̀, ó fi pickup ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe iyèkan. Àánú Màámi ló ṣe é.

TÍṢÀ: Kí ló dé tí kò gbé wọn nínú pickup ọ̀hún?

TÉLỌ̀: Pickup? Pẹ̀lú ìbàdí tó yẹ̀ léṣìí? Pickup tó ń gbọn èèyàn bí ẹni ń ku èlùbọ́?

TÍṢÀ: Ẹ̀n-ẹ́n! O rí i báyìí? Sọ òótọ́. Mọ́tò wo ló tún wà láyé yìí tó lè gbé Màámi tí ìbàdí ò ní dùn wọ́n?

TÉLỌ̀: [Ó pòṣé.] N ò ní purọ́. Tó bá ti dìde, kòtò ti tán láyé. Ọjọ́ tí ìrọbí mú mi, ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́ bó ṣe bàjẹ́ yìí, inú ẹ̀ ni mo sùn lọ sí. Obìnrin tó ń rọbí, ó ń hanrun! Ọpẹ́lọpẹ́ ọjọ́ yẹn ni n ò fi tíì dáná sun ún.

TÍṢÀ: Ìyá Ìbejì, o ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo ń gbọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÍṢÀ: Mo gbọ́ báyìí. Ṣé ó ti wá dìde?

TÉLỌ̀: Ó ti dìde. Mo ní kí Káfíńtà da epo yín tó ń gbé e dìde sí i bí ẹ ṣe wí, ó sì gòkè. Mo wọlé wá mú káàdì ọsibítù ni. Mo wá ní kí n tó jáde, kí n kọ́kọ́ bá yín jà. Látòní lọ—

TÍṢÀ: Ó ti dìde! Mo ṣáà wí. Ẹ ẹ̀ mọyì nǹkan gidi nínú ilé yẹn.

TÉLỌ̀: Látòní lọ, tí nǹkan yẹn bá tún kúnlẹ̀ nínú ọgbà yìí, èmi náà á kúnlẹ̀ tì í, màá gbàdúrà kó má dìde mọ́. Irú epo wo tiẹ̀ ni mọ́tò ń mu tó ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́?

TÍṢÀ: Kí lo wí?

TÉLỌ̀: Mo ní òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló gba gbogbo ọgbà kan. Káfíńtà gan-an ní ó ta sánsán.

TÍṢÀ: Epo yẹn kì í rùn bí ọsàn.

TÉLỌ̀: Ó ń rùn. Ó tún ń hó.

TÍṢÀ: Ó ń kí ni?

TÉLỌ̀: Ó ń hó! Fóòmù funfun ń yọ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé bí tàwọn Faransé ṣe ń ṣe nìyẹn.

TÍṢÀ: [Àga ṣubú lulẹ̀.] Ìyá Ìbejì. Ìgò wo lẹ mú?

TÉLỌ̀: Ìgò lábẹ́ síǹkì. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n mú gíríìnì.

TÍṢÀ: Èyí tó ní òwú pupa lọ́rùn!

TÉLỌ̀: Ẹ ẹ̀ dárúkọ òwú kankan!

TÍṢÀ: Mo rò pé wàá rí i! Mo so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn kí n lè dá a mọ̀ láàárín àwọn ìgò ọṣẹ gíríìnì—

TÉLỌ̀: Àh! Àh-ah! Ẹ̀yin lẹ jí òwú tí mo fi ń rán aṣọ oníbàárà mi! Mo já a kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti na àwọn ìbejì sí i!

TÍṢÀ: O já a? O já a kẹ̀! Ọṣẹ ìfọwo lo dà sínú mọ́tò!

TÉLỌ̀: Ẹ má pariwo mọ́ mi. Ó ṣáà gbé e dìde!

TÍṢÀ: Gbọ́ mi! Epo yẹn náà ló ń ṣiṣẹ́ bíréèkì! Òun ló ń gbé e dúró, òun ló ń mú un dúró. Tó bá ti di fóòmù, kò sí bíréèkì! Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: —ló ń kí ni? Ẹ ń já.

TÍṢÀ: Bíréèkì! Kò sí bíréèkì! Ṣé o gbọ́ mi? Níbo ni Màámi wà?

TÉLỌ̀: Ẹ̀yìn mọ́tò. Káfíńtà ní òun á kọ́kọ́ yọ ọ́ sójú títì kí n tó—

[Ẹ́ńjìnnì ń dún lóde. Fèrè mọ́tò dún lẹ́ẹ̀kan.]

TÍṢÀ: Má jẹ́ kó wà á! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà yẹn! Ìsàlẹ̀ ẹ̀ làwọn tírélà ń gbà! Sáré!

TÉLỌ̀: Yéè! Káfíńtà! Káfíńtà o!

[Fóònù bọ́ lulẹ̀. Ẹsẹ̀ ń sáré lọ. Ilẹ̀kùn gbá.]

TÍṢÀ: Ìyá Ìbejì?

[Ohùn obìnrin ń ké lọ́ọ̀ọ́kán: «Má wà á! Dúró!»]

TÍṢÀ: Ìyá Ìbejì! Ṣé o gbọ́ mi?

[Fèrè mọ́tò ń dún, kò dákẹ́. Ariwo èèyàn. Nǹkan kan dún gbì. Fèrè dákẹ́.]

TÍṢÀ: Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. [Sí ẹnì kan nínú staff room.] Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá, ilé ni. Ẹ jẹ́ n gbọ́. Ìyá Ìbejì! Ṣé o gbọ́ mi? Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n gbé fóònù nílẹ̀.]

TÉLỌ̀: [Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.] Hẹ́lò.

TÍṢÀ: Màámi ńkọ́?

TÉLỌ̀: Iyanrìn.

TÍṢÀ: Màámi ńkọ́!

TÉLỌ̀: Mo ní inú iyanrìn ni wọ́n wà! Òkìtì iyanrìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Káfíńtà tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, mọ́tò ń yọ́ lọ. Ló bá yà á sórí iyanrìn. Tí kì í bá ṣe orí tó pé, kí là bá máa sọ báyìí?

TÍṢÀ: Wọn ò fara pa?

TÉLỌ̀: Bàtà wọn kan ló sọ nù. Inú ń bí wọn ju èmi lọ. Mọ́tò yín ti tún kúnlẹ̀, fóòmù bò ó dé gíláàsì. Kò mọ́ tó báyìí rí látọjọ́ tí ẹ ti rà á!

TÍṢÀ: Ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ ni o.

TÉLỌ̀: Ẹ má dúpẹ́, ẹ dá mi lóhùn. Kí ni epo mọ́tò ń wá nínú ìgò ọṣẹ mi?

TÍṢÀ: Ìyẹn kọ́ ló kàn báyìí—

TÉLỌ̀: Òun ló kàn! Ọṣẹ tí mò ń rà lọ́wọ́ ìyá tó ń se ọṣẹ, tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan. Ẹ wá fi òróǹró mọ́tò yín sáàárín ẹ̀. Kí ló dé?

TÍṢÀ: Mo fi pamọ́ ni.

TÉLỌ̀: Fún ta?

TÍṢÀ: Fún ẹ. O ti ní tí o bá tún rí epo yẹn nínú ilé, èmi àti ẹ̀ la jọ máa sùn nínú mọ́tò.

TÉLỌ̀: Mo sọ bẹ́ẹ̀, inú ló ń bí mi! Ẹ wá fi ẹ̀mí ìyá yín—

[Ẹsẹ̀ ń jáde lọ sójú títì. Ohùn arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́: «Gbé e fún mi. Mo ní gbé fóònù yẹn fún mi!»]

TÉLỌ̀: Màámi ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ kú ewu.

MÀÁMI: Ìwọ ọmọ yìí.

TÍṢÀ: Màámi, ẹ káàárọ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú—

MÀÁMI: Wọ́n ní o fi epo pamọ́ fún ìyàwó ẹ.

TÍṢÀ: Màámi, tìtorí ìbàdí yín ni mo ṣe—

MÀÁMI: Má fi ìbàdí mi ṣe àwáwí! Baba ẹ fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan pamọ́ fún mi kó tó kú. Kò fi ìkankan sínú ìgò ọṣẹ rí!

TÍṢÀ: Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti ń lọ. Báwo lẹ ṣe fẹ́ débẹ̀?

MÀÁMI: Káfíńtà ti ń kó pákó kúrò nínú pickup ẹ̀.

TÍṢÀ: Pickup? Ẹ ò lè wọ pickup! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá taksí—

MÀÁMI: Taksí wo ló ń gba ọ̀nà yìí? Ojú ni mo ń lọ là. Ìbàdí ò ríran.

[Ilẹ̀kùn pickup ń han. Télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: «Ẹ fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, Màámi. Ẹ rọra.»]

MÀÁMI: [Ó ké.] Yéè! Ìbàdí mi o!

TÍṢÀ: Màámi! Ẹ pa fóònù, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú.

MÀÁMI: N ò ní pa á.

TÍṢÀ: Màámi, ẹ jọ̀ọ́—

MÀÁMI: Mo ní n ò ní pa á! Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ fún mi, tí mo bá jókòó sínú mọ́tò ẹ, «Màámi, ṣé ẹ gbọ́ kòtò yẹn?» Màá ní n ò gbọ́. O máa rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ó kàn ẹ́ lónìí. Wàá gbọ́ gbogbo kòtò tó wà láti ibí dé ọsibítù. Káfíńtà, máa wà á lọ!

[Pickup gbéra. Irin ń lu irin.]

MÀÁMI: [Ó mí kanlẹ̀.] Ìyẹn ńkọ́? Ṣé o gbọ́?

TÍṢÀ: Mo gbọ́, Màámi.

MÀÁMI: Àh! Ṣé o gbọ́ ìyẹn?

TÍṢÀ: [Ó ń sunkún.] Mo gbọ́. Ẹ dárí jì mí. Tí mo bá ti dé, mo máa tà á.

MÀÁMI: Ta ní kó o tà á?

TÍṢÀ: Màámi?

MÀÁMI: Mo ní ta ló bẹ̀ ẹ́? Kí ló máa gbé mi bọ̀ wálé? Wá mẹkáníìkì ẹ rí, kó fọ ọṣẹ kúrò nínú ẹ̀! Lọ́la, tí wọ́n bá tú báńdéèjì lójú mi, inú ẹ̀ ni mò ń bá bọ̀. Tí mo bá délé, kí n tó wo ojú ìwọ, kí n tó wo ojú àwọn ìbejì, lábẹ́ síǹkì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò. Kí n rí òwú pupa lọ́rùn ìgò epo. Kí ìyàwó ẹ náà rí i. Ṣé o gbọ́—

[Gbì. Igbe. Irin ṣì ń lu irin.]

TÍṢÀ: Màámi? Màámi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìpè já.]