Ọwọ́ Òsì Ni Àbúrò Ìyá Mi Fi Rán Síìpù Náà

Ẹ má tíì ní kí n jókòó, mà. Bí mo bá jókòó, ìbínú yìí á rọlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìjókòó, ẹ má bínú pé mi ò kan ilẹ̀kùn dáadáa. Fídíò wa ló gbé mi dé, èyí tí ẹ fẹ́ fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láàárọ̀ ọ̀la. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán lórí kọ̀ǹpútà ní yàrá ìkàwé ni. Mà, wọ́n ti yí ọwọ́ àbúrò ìyá mi padà.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yí i. Ọwọ́ òsì lobìnrin yẹn ń lò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, òsì ló fi ń di abẹ́rẹ́ mú, òsì ló fi ń gé aṣọ, òsì ló fi rán síìpù tí a yà sínú fídíò náà, èmi ni mo sì dúró ti fóònù tó ń yà á. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo wò lónìí, ọ̀tún ló fi ń rán an. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ní òun lòun máa gé e, tí òun máa tò ó pọ̀. Ó dojú gbogbo àwòrán kọ òdìkejì, bí ẹni tó ń wo nǹkan nínú dígí, ó wá jókòó síbẹ̀, ó ń mi ẹsẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, ó ní ọwọ́ ọ̀tún ló bójú mu.

Ó bójú mu lójú ta ni?

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí a ṣe ṣe é, kí ẹ lè mọ ohun tó dùn mí. Ẹ̀yin lẹ ní kí a mú iṣẹ́ ọwọ́ kan, kí a fi fídíò ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwa mẹ́ta lẹ pín pọ̀. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní kí a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà, mo ní ta ni kò mọ ìyẹn lóde òní. Ẹnì kẹta wa ní ohun tí a bá ti fẹnu kò sí lòun náà fara mọ́, láti ọjọ́ yẹn a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní ká ṣe bí a ṣe ń pààrọ̀ síìpù sòkòtò ọkùnrin, torí ẹ wo iye sòkòtò gidi táwọn èèyàn ń jù nù nítorí síìpù lásán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣètò rẹ̀. Mo fa ìlà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ògbólógbòó kan, mo pín in sí ojú méjìlélógún, ojú kan fún àwòrán kan: ibi tí a ti máa tú síìpù àtijọ́, ibi tí a ti máa fi ọwọ́ rán tuntun mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ kí maṣíìnì tó gbá a, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ rí kàlẹ́ńdà yẹn, mà. Ẹ ní òun ló dára jù nínú gbogbo èyí tí ẹ gbà.

Mo wá lọ bá àbúrò ìyá mi. Télọ̀ ni, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń ránṣọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì ju pé kí èèyàn méjì wọlé, kí ẹnì kẹta dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, “Ọwọ́ wo ni mo máa fi ṣe é?” Mo ní báwo ni, Àǹtí? Ó ní, “Fún ilé-ìwé ni. Mo lè gbìyànjú ọ̀tún, bí ẹ bá fún mi láyè ọjọ́ díẹ̀.” Ẹni tó ju ogójì ọdún, mà, ó fẹ́ lọ fi ọ̀tún kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun nítorí àwa ọmọdé.

Mi ò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó ń sọ ọ́, ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo. Tíṣà rẹ̀ ní kíláàsì kẹrin fi okùn di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àga, lójoojúmọ́, fún odidi sáà kan, kó lè fi ọ̀tún kọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí sáà náà parí, ó ní òun ò lọ mọ́, kò sì lọ mọ́ lóòótọ́. Ó wá gbójú sókè, ó bi mí pé, “Ṣé ilé-ìwé ti gba ọwọ́ òsì báyìí?” Mo ní wọ́n ti gbà á, Àǹtí. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ní bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an ni ká ṣe é, ẹ ò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà.

Ọ̀sán mẹ́ta la fi yà á. Oòrùn kì í dé orí tábìlì rẹ̀ ju wákàtí kan lọ, bó bá ti lọ, ó di ọjọ́ kejì. Agolo mílíìkì mẹ́rin ni mo tò lé ara wọn, tí mo fi rọ́bà de fóònù mọ́. Mo lọ bẹ kápẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ wọn kó dáwọ́ ayùn dúró, ó ní ṣé fídíò ló máa bá òun parí àga oníbàárà, síbẹ̀ ó dákẹ́. Àǹtí ò mí dáadáa, ó rò pé kámẹ́rà á gbọ́ mímí òun. Ó gé èékánná, ó fi ìpara pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ní nígbà tó jẹ́ ọwọ́ nìkan làwọn èèyàn máa rí, kó jẹ́ ọwọ́ tó ṣeé rí. Ọwọ́ yẹn, mà. Òun ni wọ́n yí.

Ẹ tiẹ̀ fi ti ẹ̀dùn ọkàn sílẹ̀, ká sọ ti ẹ̀kọ́. Fídíò náà ti di irọ́. Nọ́ńbà ara tépù tí a fi ń wọn aṣọ dojú kọ ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ ara maṣíìnì, tó máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó jókòó tì í, ti bọ́ sí òsì. Níbo ni wọ́n ti ń ta irú maṣíìnì bẹ́ẹ̀? Ìbòrí síìpù sòkòtò ọkùnrin ti lọ sí apá tòbìnrin. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé àbúrò òun wo fídíò yìí níjẹta, ó tẹ̀ lé e ní gbólóhùn-gbólóhùn, ó tú ìbòrí síìpù sòkòtò bàbá wọn, ó gbé e sí òdìkejì. Bàbá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lánàá. Ó dé ilé ìtọ̀, ó ń táràrà kiri ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò alápò. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wò ó lọ́la, inú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, lójú olùtọ́jú ìwé àti gbogbo ẹni tó ń kàwé. Mo ní mò ń lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín, pé ẹ̀yin ò ní gbà á.

Ẹ ní kí ni, mà?

Ẹ̀yin?

Ẹ̀yin lẹ ní kó yí i.

Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná.

Rárá, mi ò fẹ́ omi, ẹ ṣeun. Mò ń gbọ́ yín. Mo gbọ́ pé ọ̀gá àgbà ń bọ̀, pé àwọn òbí ń bọ̀, pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde sọ pé òsì là ń kọ́ ọmọ òun. Mo mọ òwe náà, mà, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi ò júwe ilé baba ẹnikẹ́ni. Síìpù ló ń rán. Bó bá sì jẹ́ ti òwe, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Tótó, ẹ̀yin àgbà, mo ṣe bí òwe. Mi ò wá bá yín jiyàn òwe. Mo kàn fẹ́ bi yín: nínú ọgọ́fà ọmọ yẹn, ṣé kò ní sí ọlọ́wọ́ òsì kankan? Tó bá jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ta ni ì bá fi hàn án pé ọwọ́ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀?

Máàkì? Ẹ gba máàkì náà padà, mà. Méjìdínlọ́gọ́rin fún iṣẹ́ tí mi ò ṣe, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ohun tí mo yà kọ́ lẹ fún ní máàkì.

Màá bẹ Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀bẹ̀ ni mo jẹ ẹ́, torí àṣẹ ló tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ fún mi. Ó sì yẹ kí ẹ̀yin náà pè mí, kí ẹ wí i sójú mi pé ọwọ́ yẹn ò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni, bí iṣẹ́ ṣe rí ni kó fi hàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo gbà yín gbọ́, mà. Òun ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí.

Ẹ ní ẹni tó ni ọwọ́ náà ò ní mọ̀? Ẹ yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, mà. Obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, tó gbé báàgì lé itan, tó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ayẹyẹ. Òun ni. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, torí mo ṣèlérí pé kó tó di pé ẹnikẹ́ni rí i, òun ló máa kọ́kọ́ wò ó. Mo ní kó dúró fún mi níbẹ̀, pé mo fẹ́ wọlé wá kí yín. Ó rí mi tí mo ń sáré, kò mọ ohun tó ń lé mi.

Èmi ò ní ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún un. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ náà padà, mi ò sì ní purọ́ pé kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, ẹ̀yin náà ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀, kí ẹ tún gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi sọ, ti àwọn òbí, ti ọ̀gá àgbà, ti òwe. Bí ẹ bá lè sọ ọ́ délẹ̀, màá panu mọ́, ẹ gbé fídíò náà jáde lọ́la. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹnu yín ò gbà á, bọ́tìnnì kan péré ni Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ láti dá ọwọ́ náà padà, kò tó iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Àǹtí, ẹ máa wọlé bọ̀. Olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá yín sọ.