Ọwọ́ Àṣàkẹ́ Kan Etí Rẹ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o, ẹ sì bá mi kẹ́dùn! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Àṣàkẹ́, àbúrò mi, ti mọ̀wé kà! Ìyá arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ló fi ń tẹ ìwé láti ọjọ́ yìí, ló kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íkòsì. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, wọ́n jó. Èmi tísà wọn bú sẹ́kún, wọ́n ṣe bí ẹkún ayọ̀ ni. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan náà ló bí wa ní Àgbóyì láyé ìjọba òyìnbó, oṣù díẹ̀ ni mo fi jù ú lọ, ìyá wa ló yàtọ̀. Bàbá ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo lòun máa fi sílé ìwé Mẹ́tọ́díìsì, èkejì á máa bá àwọn ìyá yan ẹja. Nígbà yẹn, ta ló mọ ọjọ́ ìbí ọmọ? Tísà á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bó bá kan etí òsì, o ti tó ilé ìwé lọ nìyẹn. Bàbá ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn nínú wa ni kó lọ. A ti dán an wò lẹ́yìn ilé, ọwọ́ Àṣàkẹ́ kàn dáadáa, tèmi ò kàn. Háà, mo fẹ́ ilé ìwé yẹn bí ẹni máa kú! Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa lọ, mo sọ sí i létí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí, òyìnbó á gbé e lọ sókè òkun, kò ní rí ìyá rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yí kan Àṣàkẹ́ níwájú tísà, ó ká ìgbọ̀nwọ́ kò. Èmi tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka mi sì kan etí. Wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ẹ wá wo Àṣàkẹ́, ó ń fò fáyọ̀ pé òun ń padà sọ́dọ̀ ìyá òun!

Mo di tísà, òun yan ẹja títí ó fi darúgbó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé láàádọ́rin. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí kíláàsì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá.

"Tísà, ó ti kàn o! Ṣé n lè wọlé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi yára kọjú sí pátákó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ó máa ka Sáàmù níwájú ìjọ, ó ní èmi lòun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kóun tó kà á. Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́, àbí kí n gba ọpẹ́ tí kò tọ́ sí mi? Lánàá, mo fà á jókòó, mo ní, "Àṣàkẹ́, ọjọ́ tí wọ́n wọn ọwọ́ wa..."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí Bíbélì ọwọ́ rẹ̀. "Tísà, ẹ jọ̀ọ́, mò ń kàwé."