Ara Mi Lẹ Fi Wọn Kọ́mú Àkọ́kọ́

Má kúnlẹ̀, ìyàwó. Mo ní má kúnlẹ̀. Orúnkún tí o fi ń kí mi láti ọjọ́ tí àbúrò mi Euloge ti gbé ọ wọ ilé yìí, òun gan-an ló dá ọ̀ràn tí mo wá bá ọ rò láàárọ̀ yìí. Jókòó sórí àga, kí o fi máṣíìnì yẹn sílẹ̀ díẹ̀, aṣọ kò ní sá lọ. Ọ̀wọ̀ ti pọ̀ jù nínú ilé yìí, Raïssa. Ọ̀wọ̀ yín fẹ́ pa mí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Bí ẹnu mi bá ń rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ni, má bá a rín in. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti ìgbà tí a ti odò Wèmè dé ní Sátidé tó kọjá, mo kàn ń jẹ iyán mi, mo ń wò yín ni. Mo ní bóyá ẹnìkan yóò rántí. Ta ló rántí? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, o gbé oúnjẹ wá fún mi, o ní, "Tátà, àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ àná." Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ pé mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń ṣọ́ bàtà?

Jẹ́ kí n mú un láti ìpìlẹ̀, nítorí ó jọ pé ẹ ti gbàgbé. Nígbà tí wọ́n gé ọmú mi òsì nílé ìwòsàn, tí mo padà sí Idigny, kí ni mo jọ? Mo dà bí ilé tí olè ti wọ̀. Mo ń we ìborùn mọ́ àyà nínú ooru, mo ń fi apá bo ara lọ sóko bí ẹni tó jí iṣu pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Bí mo bá wọ kọ́mú ọjà, ẹ̀gbẹ́ kan á kún, ẹ̀gbẹ́ kejì á wọnú bí abọ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá ń ki àkísà sí i. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí a ti ń jó lọ fi ọrẹ sílẹ̀, àkísà jábọ́. Iwájú àlùfáà ló jábọ́ sí. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un nílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Rosalie, ìnujú yín rèé." Mo ní ẹ ṣeun. Mo fi nu ojú. Kí ni ǹ bá tún fi ṣe?

Ìwọ lo rí mi nígbà náà, mo gbà. Gbogbo ará ilé ń wojú mi, ìwọ nìkan lo wo ibi tó ń dùn mí. O kúnlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ, o ní, "Tátà, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín." Mo ní kí o wọn kí ni? O ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé wọn kò jọra mọ́, kọ́mú tó bá sì ń díbọ́n pé wọ́n jọra, ìyà ló ń fi jẹ èèyàn. Inú yàrá yìí ni mo dúró sí, téèpù ń rìn kiri ara mi bí ìgbín. O rán an, o tú u. O tún un rán, o tún un tú. O ní o kò ní ki fóòmù òyìnbó sí i, pé fóòmù kì í jẹrà, bí a bá sin ín, àwọn ọmọ ọmọ wa á wú u jáde nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè. Òwú àràbà lo kì sínú àpò kékeré apá òsì. Òwú àràbà náà sì fúyẹ́ jù, mo ń sọ̀kalẹ̀, kọ́mú ń gòkè, ó di ọ̀ṣọ́ ọrùn. A wá fi díẹ̀ nínú kóró rẹ̀ sílẹ̀ kó lè wúwo. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé bí òjò bá pa mí, igi àràbà á hù láyà mi, ẹ ó wá máa wá ibòji lábẹ́ mi. O rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún ọ. Ara mi lẹ fi kọ́ iṣẹ́ yìí, ìyàwó. Bí kọ́mú yẹn bá ní ìyá, èmi ni ìyá rẹ̀.

Látinú kọ́mú kan yẹn sì ni òwò yìí ti wá. Má gbọn orí, òótọ́ ni. O lọ sí Kútọnu, o bá àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, o padà dé pẹ̀lú orúkọ. Ara-Ò-Jọra. O gba ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, o kọ ọ́ sí pátákó gàgàrà: aṣọ abẹ́ àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ fún gbogbo obìnrin, tẹ́ẹ́rẹ́ àti rọ̀bọ̀tọ̀, aboyún àti arúgbó, ẹni tó pé àti ẹni tó dín. Òwú ilẹ̀ wa, aró ilẹ̀ wa, kò gbọdọ̀ sí ohun tí yóò di ìdọ̀tí sí ọmọ ẹlòmíràn lọ́rùn. Mo ní ó dáa. Nígbà tí o ní o kò ní fi ọ̀rá di ọjà, ta ló ń ti oko dé oko kó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ jọ fún ọ? Ṣé kì í ṣe èmi? Mo ń kó o, wọ́n ń bi mí bóyá mo fẹ́ máa ta ẹ̀kọ. Wọn kò kúkú jẹ̀bi. Ọkọ Chérifatou, oníbàárà rẹ, ti oko dé, ó rí ìdì náà lórí tábìlì, ó wẹwọ́, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ wá. Ó ti tú u dé ìdajì kó tó rí i pé ẹ̀kọ yìí ní okùn èjìká.

Ti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ńkọ́? Gbogbo Idigny ló fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní lórí ilẹ̀ gíga tiwa yìí, tí kànga jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń rẹ garawa kó tó kan omi, èwo ni ti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ṣé inú ìkòkò omi mímu la ó ti máa lúwẹ̀ẹ́ ni? Ta ló gbèjà rẹ? Mo ní òkun wà ní Kútọnu, odò Wèmè sì wà nítòsí, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà kó gun alùpùpù zémìjàn. Mo ń jà fún aṣọ tí n kò tíì rí.

Ó dáa, a wá dé orí fótò.

O ní Rodolphe ayàwòrán ń ti Kétu bọ̀. O ní gbogbo wa ń lọ sí odò, pé obìnrin oríṣiríṣi ni yóò wọ aṣọ náà kí ayé lè rí i, kí wọ́n yéé rò pé ẹnìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ṣe àwòṣe. Gbogbo wa. Ẹnu rẹ ló ti jáde, mo dúró níbi tí o ti ń sọ ọ́. Bí èèyàn bá sọ pé gbogbo wa fún obìnrin bíi tèmi, kí ló yẹ kí obìnrin náà rò? Pé wọ́n nílò ẹni tí yóò ṣọ́ àkàrà?

Ta ni ẹ yà? Ẹ ya Àyìsátù tí oyún rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé odò. Ó dáa. Ẹ ya Chérifatou tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀gẹ́, tó ní aṣọ tòun gbọdọ̀ bo apá, kó bo ẹsẹ̀, kó bo irun, ẹ sì rán an fún un bó ṣe fẹ́, ó wù mí. Ẹ ya Solange tí ọkọ̀ gé lẹ́sẹ̀, ẹ gbé e dé etí omi, ó jókòó bí ayaba, mo pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ẹ tilẹ̀ lọ gbé arúgbó kan wá tí eyín rẹ̀ ti lọ tán, ó ń rẹ́rìn-ín sí Rodolphe bíi pé wọ́n fẹ́ ra òun. Èmi dà? Mo ń wo ojú rẹ. Bí o bá yíjú síbí, màá na ọrùn. O wá yíjú sí mi lóòótọ́, o ní, "Tátà, ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ ń bọ̀ nídìí àkàrà."

Àwọn tí ẹ yà náà, èwo nínú wọn ló wọ omi? Kò sí ẹni tí omi kọjá orúnkún rẹ̀. Ẹja tí kò ju ìka lọ fẹnu kan Chérifatou lẹ́sẹ̀, ó fò mọ́ Rodolphe lọ́rùn, ẹ̀rọ fótò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá odò lọ. Létí odò kan náà ni ilé ìyá mi wà kí bàbá mi tó fẹ́ ẹ wá sí Idigny. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi níbẹ̀ ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí n tó mọ ọkọ́ lò. Ẹ ń ta aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ láàárín yín ni ẹ fi lé ewúrẹ́.

Ó ku ohun kan tí o kò mọ̀. Mo wọ tèmi.

Pa ẹnu dé, kí eṣinṣin má bàa wọ̀ ọ́. Mo ní mo wọ tèmi. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ aláró tí o rán, tó ní àpò òwú lápá òsì bíi kọ́mú mi, tí o fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí o ní kò tíì ní olówó, òun ni mo wọ̀ sábẹ́ bùbá àti ìró láti ilé. Mo ti fi òrí pa ara láti àárọ̀. Mo gun zémìjàn dé etí odò, rọ́bà aṣọ ń fún mi ní itan, mo ń sọ nínú ara mi pé ìgbà tí wọ́n bá ní, "Tátà, ó kàn yín," n kò ní dá wọn dúró, ìró ni n óò kàn bọ́. Mo jókòó. Oòrùn yí. Mo tún jókòó. Rodolphe ká ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ jẹ àkàrà, ẹ ní ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo wọ̀ ọ́ padà wálé. Àfi òógùn, omi kankan kò kàn án.

Ẹ̀sùn tí mo gbé wá sọ́dọ̀ rẹ rèé, kò sí òmíràn: o kò bi mí. Bí o bá bi mí, tí mo ní rárá, ó tán. Ẹnu mi ni ì bá sọ ọ́. Àmọ́ ìwọ ni o bá mi sọ rárá, o sì fi ọ̀wọ̀ dì í.

Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè. O ní ẹ̀gbọ́n ọkọ ni mí. Mo mọ̀, mo ti wà ńbẹ̀ kó tó di ọkọ. O ní ìyàwó ilé kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ pé kó bọ́ṣọ síta. Ìyàwó ilé yìí náà ha kọ́ ló ń ki ọwọ́ bọ̀ mí lábẹ́ apá, tó ń ní "Tátà, ẹ mí sínú, ẹ mí síta"? O lè wọ̀n mí, o kò lè yà mí? Euloge ńkọ́? Euloge ní kí ni ìjọ yóò wí? Euloge yìí? Èyí tí mo pọ̀n, tí mo wẹ̀, tó ń rìn níhòòhò káàkiri àdúgbò títí iléèwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á? Fi í sílẹ̀ fún mi. Bó bá ní ojú ń ti òun, n óò rán an létí àwọn ohun tí kò tì í lójú.

Ìyàwó, jẹ́ kí n gbé eré tì díẹ̀. Obìnrin kan wà ní Adakplamè, Àdúràọlá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gé tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé tèmi. Ọmọdé ni, kò dàgbà jù ọ́ lọ. Kò lọ sọ́jà mọ́, kò lọ síbi ìsìn mọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń ra ata. Mo lọ kí i lánàá. Mo mú àwọn fótò yín lọ nínú fóònù, mo ní wò ó, aṣọ ti dé fún gbogbo ara, má jókòó sínú òkùnkùn mọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò wọ́n, ó fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín sí arúgbó, ó rẹ́rìn-ín sí oyún Àyìsátù. Nígbà tó tán, ó dá fóònù padà, ó ní, "Wọ́n dára, ìyá. Àmọ́ gbogbo wọn ló ní méjì."

Èmi tí mo ní ẹyọ kan jókòó tì í, n kò sí nínú fótò.

Kí lo ń sunkún sí? Ta ló bá ọ jà? Fi etí ìró nu ojú, má fi aṣọ tí a fẹ́ tà nù ún. N kò sọ pé o burú. Bí o bá burú, ọ̀nà oko ni mo wà báyìí, n kò ní wá sọ ọ́ sí ọ létí.

Rodolphe ń bọ̀ ní Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é fúnra mi. Ó tilẹ̀ dúpẹ́, ó ní òun ti ń wá ẹni tí yóò wọ omi dé àyà, pé àwọn ti Sátidé tó kọjá dúró létí odò bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ Kútọnu. Aláró yẹn ni n óò wọ̀. Yọ àpò òwú kúrò lápá òsì, mo fẹ́ kó tẹ́ bí ó ṣe tẹ́, kí ẹni tó bá wò ó má ṣe ní òun kò rí i. N óò lúwẹ̀ẹ́ títí ara mi yóò fi balẹ̀, n óò jáde, n óò dúró, kó yà mí. Fótò yẹn ni kí ẹ gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, èyí tó tóbi jù, kí Àdúràọlá lè rí i láti orí zémìjàn bí kò bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

O ní kí ni? Kí ó yà mí láti ẹ̀yìn?

Raïssa, kí ló ṣe ẹ̀yìn mi? Kò sí ẹni tó gé nǹkan kan níbẹ̀. Iwájú ni.