Tòlótòló Ìkórè Tó Sọ Mí Di Ẹlẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ogún ọdún ni adájọ́ fún mi, méjì péré ni mo sì tíì lò nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sùn lápá ọ̀tún mi, adigunjalè ni. Ẹni tó wà lápá òsì gún àna rẹ̀ lọ́bẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bi mí léèrè ohun tó gbé mi dé ibí, mo ní tòlótòló ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́dà fi wá gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo sọ ìyókù fún wọn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni mí. Agblangandan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnú, ni mò ń gbé, tí mo ti ń tún fáànù àti rédíò ṣe. Èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì wa sí lọ́wọ́, torí gbogbo ìjọ mọ̀ pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo sì bẹ̀rù Rẹ̀ lóòótọ́: bí mo bá jẹ àkàsà láìgbàdúrà, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ọ̀rẹ́ mi Pásíkálì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀, òun náà ni yóò sọ pé kí onítọ̀hún máa wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí.

Nígbà tí ìkórè ku oṣù kan, opó kan tí à ń pè ní Ìyá Benedíìtì mú tòlótòló kan wá.

“Ọmọ mi, bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ nígbà tí ojú ń dùn mí nìyẹn.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí a ríṣẹ́ ṣe, Pásíkálì bá mi nínú yàrá ẹrù. Ó wo tòlótòló náà títí.

“Ta ló ni ín?”

“Ọlọ́run ni.”

“Ṣé Ọlọ́run ń jẹ tòlótòló?”

“Rárá.”

“Àwa ń jẹ ẹ́.”

Ó yẹ kí n lé e jáde. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi la ti sè é. Kí ẹ lè mọ bí orí mi ṣe dàrú tó, mo gbàdúrà sí i kí a tó jẹ ẹ́.

Pásíkálì lá ìka rẹ̀, ó sì sùn lọ. Èmi ò ní ìsinmi mọ́. Lọ́jọ́ Sunday, pásítọ̀ ń wàásù nípa Nóà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí àwọn ẹyẹ ti ń wọ ọkọ̀, òógùn bò mí. Pásíkálì dìde, ó dá orin, àwọn ìyá ń sunkún. Mo tọ pásítọ̀ lọ láti jẹ́wọ́.

“Pásítọ̀, mo máa ń sùn tí ẹ bá ń wàásù.”

“Mo ti mọ̀,” ni ó wí.

Gbogbo Wednesday ni Ìyá Benedíìtì ń gbé àgbàdo wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fún tòlótòló tó ti kú.

“Ara rẹ̀ ń kọ́?”

“Ó ń kí yín, màmá.”

Mi ò lè fi àgbàdo náà sẹ́nu. Pásíkálì ló ń sè é jẹ. Ó ní, “Ṣebí inú wa ló wà? Kò yẹ kí ebi pa á.”

Ọjọ́ Thursday tó ṣáájú ìkórè ni màmá ní òun ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun á so rìbọ́nù pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Mo sáré bá Pásíkálì.

“Jẹ́ ká lọ sọ fún un.”

“Sọ pé ó fò lọ.”

“Tòlótòló tó sanra tó yẹn?”

“Ta ló máa bi tòlótòló léèrè?”

Mo dá lọ sílé màmá. Ó fún mi lómi, ó pè mí ní ọmọ Ọlọ́run. Mo mu omi náà tán, mo sì padà sílé láìsọ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án Friday, mo ra kpayò, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà. Èrò mi ni pé bí yàrá ẹrù bá jóná, wọn á ní tòlótòló bá a lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, mo pè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ṣáná sí i. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ikọ́. Bàbá Dòsú, ọdẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí òun náà ní kọ́kọ́rọ́, tí etí rẹ̀ sì ti di, ló lọ sùn sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Mo wọlé, mo fà á jáde, iná bó mi lọ́wọ́ méjèèjì. Ọjọ́ kẹta ló kú sí ọsibítù.

Àwọn èèyàn ní bàbá ló fa sìgá sùn. Bàbá Dòsú kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Pásíkálì kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, “Òkú ti gbé ẹjọ́ náà lọ. Dákẹ́.”

Mo dákẹ́ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹjọ mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

“Ta lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?”

“Èmi ni.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ta lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn?”

“Èmi náà ni, ọ̀gá.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá wa lọ jẹun.”

Ní kóòtù, omijé Pásíkálì dára débi pé akọ̀wé kóòtù fún un ní ańkáṣíìfù. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un nítorí ẹran. Lẹ́yìn tó jáde, ó wá wò mí.

“Èmi jẹ ẹran, mo nu ẹnu, ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ̀rí ọkàn tìrẹ yẹn ló pa bàbá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi jà fún oṣù púpọ̀, títí Ìyá Benedíìtì fi wá.

“Nítorí tòlótòló? Bí o bá sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bú ọ títí di Sunday, kí ó sì tán.” Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún nítorí Bàbá Dòsú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ ni Pásíkálì pa. Ẹ̀rí ọkàn mi kò rán mi lọ ra epo. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n ṣe, pé kí n la ẹnu mi níwájú obìnrin kan. Ìtìjú ló rán mi níṣẹ́ yòókù, èmi sì rò pé ohùn kan náà ni wọ́n. Ọmọ mẹ́ta ni Bàbá Dòsú fi sílẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè bẹ̀ wọ́n. Bí o bá ti jẹ ohun tí kì í ṣe tìrẹ, dìde lónìí kí o lọ sọ ọ́, nígbà tó ṣì jẹ́ pé èébú nìkan ni wàá gbà.