Epo Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀rọ̀

Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi lórí ibùsùn yìí ní Kinkinau, lókè Ọya níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí mo gbé mì síta. Rashidat kò pa ọmọ. Èmi Yínúsà ni.

Ọdún kejì òmìnira ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ilé ìwádìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo fi òwú so ìfun ehoro kọ́ sínú ife omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo so òkè rẹ̀ mọ́ ọ̀pá tín-ín-rín tó ń fa ìlà sára bébà tí a fi èéfín pa dúdú. Kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó o. Dókítà Ernest, ará Kàbà, kán ọ̀rá tó yọ láti inú òróró làrà sí i. Ìfun súnkì, ọ̀pá gòkè fíofío.

“Madalla! Yínúsà, ọ̀rá yìí kì í ṣe oúnjẹ, ońṣẹ́ ni. Ó ní kí ẹran ìfun fún ara rẹ̀ pọ̀, ó sì gbọ́. Ẹran ilé-ọmọ náà ń gbọ́ èdè yẹn. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ń fi epo wo gbogbo àrùn, ẹ ṣọ́ra o!”

Mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, Hàwáwù, ìyàwó kékeré àbúrò mi Àbdùlsàlámì, kò lè yàgbẹ́, inú ń dùn ún. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Mo gbé òróró làrà fún Rashidat, ìyálé rẹ̀, pé kó fún un mu.

“Ẹ̀gbọ́n, kò ní ṣe oyún ní nǹkan?”

“Haba! Epo ni ẹ̀rọ̀.”

Ìfun nìkan ni mo rò, n kò ro ilé-ọmọ. Irọ́ ni! Mo rò ó. Ojú ló tì mí láti gba ìgò padà lọ́wọ́ obìnrin.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrọbí dé. Ọmọ náà kò ké.

Ìyá wa nawọ́ sí Rashidat tí kò tíì bímọ rí. “Àgàn, kí lo fún un mu?”

“Ẹ̀gbọ́n ló gbé e fún mi.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀.”

Mo ní, “Wallahi, èmi kọ́.”

Wọ́n da ẹrù rẹ̀ síta. Ó wọ rélùwéè padà sí Ìlọrin.

Dókítà fi fáníìṣì pa bébà wa kí ìlà rẹ̀ má bàa parẹ́, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, ó fún mi. Òun ló wà lára ògiri yìí, ìlà funfun tó ga bí òkè. Ẹni tó bá wọlé a ní, “Yínúsà ọ̀mọ̀ràn!” Orúkọ tí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fún mi nìyẹn. Rashidat, ìwọ ló sọ ní apọmọ. Jọ̀wọ́, gba orúkọ rere rẹ padà. Fún mi ní apọmọ tó jẹ́ tèmi, kí o sì dárí jì mí.