Ojú Ṣéènì Wúrà Bàbá Akíndúró

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tá a jọ wà nípàdé yìí, ẹ dákẹ́ díẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń jẹ mí bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Lónìí, níwájú Bùọ̀dá Ọlátúnjí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo máa pọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ti mọ̀ mí. Èmi Pẹ̀lúmi, kò sẹ́ni tó mọ aago wúrà àtijọ́ láti Sókótó títí dé Mẹ́kà bíi tèmi. Mo máa ń sọ fún yín pé aago tí mo kó jọ pọ̀ débi pé tí gbogbo wọn bá jọ ń rìn, àwọn ará Niger ń gbọ́ ọ lódìkejì ẹnubodè. Irọ́ ni. Mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n mò ń tọ́jú wọn ju bí ọba ṣe ń tọ́jú olorì lọ. Tí ọyẹ́ bá ti gbé eruku dé, màá po ọṣẹ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, màá mú búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ eyín ọmọdé, màá fọ ojú ṣéènì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, màá wá fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ló gba ọkàn mi. Irú èyí tí ara rẹ̀ àti ṣéènì rẹ̀ jẹ́ wúrà kan náà, tó ń ṣàn yí ọwọ́ ká bí omi. Ẹ ò lè yọ ṣéènì yẹn kẹ́ ẹ fi awọ sí i. Tí kò bá ti tó yín lọ́wọ́, ó parí nìyẹn. Danladi tó ń ta aago lọ́jà ló tà á fún mi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó ti gé e kúrú. Mo fi sọ́wọ́ lójú Danladi, ẹnu ẹ̀ ò pàdé. Danladi bú sẹ́rìn-ín: "Haba, Pẹ̀lúmi! Ọwọ́ ẹ ni kó o lọ gé!" Mo rà á bẹ́ẹ̀. Orí ìrọ̀rí ni mo máa ń gbé e sí, màá máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọge tó ti lọ́kọ.

Ní gbogbo Sókótó yìí, irú ẹ̀ kan ṣoṣo ni mo tún mọ̀, ti Bàbá Akíndúró, télọ̀ wa ní Gidan Igwai. Bàbá yìí ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, tí mi ò mọ ẹnì kankan. Tí mo bá ń fọ́nnu, á ní, "Ọ̀gá onírọ́, wá jẹun kó tó tutù."

Nígbà tí àìsàn dé, ọwọ́ bàbá rù, aago ń yọ̀ lọ sí ìgúnpá. Ó pè mí. "Pẹ̀lúmi, bá mi gé e. Ṣùgbọ́n àwọn ojú tó o bá yọ, dì wọ́n pa mọ́. Ọlátúnjí ọmọ mi ni mo fẹ́ kó gbà á, ọwọ́ tiẹ̀ tóbi. Kó o sì bá mi sọ fún un pé mi ò bínú mọ́." Gbogbo yín lẹ kúkú mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí Bùọ̀dá ti fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀, tó lọ ń jó irin ní Kalambaina.

Àwa tá à ń tún aago ṣe, bá a ṣe ń ṣe é ni pé ojú ṣéènì tá a bá yọ, inú ọ̀rá kékeré la máa ń dì í sí, ká dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo dì í lóòótọ́. Mo gbé e délé. Mo kàn ní kí n fi mọ́ tèmi wò ni. Wallahi, ó wọ̀ ọ́ bí ìgbà tí ọmọ bá rí ìyá ẹ̀! Mo dé e mọ́wọ́, ó dún kẹ́. Mo jókòó, mo sunkún ayọ̀. Olè ń sunkún ayọ̀, ẹ ò rí nǹkan! Mo ní màá yọ ọ́ padà lọ́la. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la, títí bàbá fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bùọ̀dá gbé aago náà sọ́wọ́ níwájú ẹbí. Ó fà á, ó fà á, kò pàdé. Ó yíjú sí mi: "Pẹ̀lúmi, ìwọ lo gé e. Èyí tó o yọ ńkọ́? Ṣé bàbá sọ nǹkan kan?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, aago tèmi wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn gan-an, lábẹ́ apá bùbá. Ó tutù lára mi bí ejò. Gbogbo irọ́ tí mo ti ń pa látọjọ́ yìí, ẹ̀rín ni mo fi ń pa yín. Eléyìí, èèyàn ni mo fi pa. Mo ní, "Bàbá ní kí n dà wọ́n nù."

Ọkùnrin tó ń fi irin àti iná ṣeré yẹn kàn jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ó mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí. Ó gé e kí n má bàa lè wọ̀ ọ́. Ó bínú sí mi wọ sàréè."

Bàṣírátù ìyàwó ẹ̀ ní, "Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ó ti ṣe é."

Àná ni Bàṣírátù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ó fẹ́ gbé aago yẹn lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kí wọ́n yọ́ ọ. Ó ní òun ò fẹ́ rí i mọ́. Ìwọ tó o fẹ́ràn aago, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́." Èmi ló wá bẹ̀ o! Èmi!

Látàná, kì í ṣe wúrà ni ọkàn mi ń fà sí mọ́. Ó wù mí kí n tún gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá láti ìta, kí n mọ̀ pé ó wà nílé. Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Ó pa lọ́lọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nǹkan tó bá wù yín, ẹ jẹ́ kó máa wù yín. Wíwù ò pààyàn. Bùọ̀dá Ọlátúnjí, bàbá yín ò bínú mọ́ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní kí n sọ fún yín, mi ò sọ. Ojú ṣéènì yín rèé, mo ti yọ ọ́ kúrò lára tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ máa gbá mi létí. Ẹ fi ọ̀tún gbá mi, ẹ dákun, kẹ́ ẹ na ọwọ́ òsì sí mi, kí n fi wọn ṣéènì aago bàbá yín.